Ibi Tí Wọ́n Ń Da Pàǹtí Náà Sí

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹta

Ilé ìwòsàn ni mo ti gbé ìwé yìí wá. Iye yàrá tí mo bá gbá lójúmọ́ ni mo máa ń kọ sínú ẹ̀. Mo ti fa gbogbo ìyẹn ya. Ọdún mọ́kàndínlógún, lẹ́tà kan ṣoṣo ni wọ́n fi lé gbogbo àwa agbálẹ̀ lọ, wọn ò tiẹ̀ kọ orúkọ ẹnì kankan sí i. "Sí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn." Ọ̀rọ̀ náà kàn mí lóòótọ́.

Oṣù méjì rèé tí mo ti padà sílé bàbá wa. Yàrá ẹ̀yìnkùlé ni tèmi. Àbúrò mi àti ìyàwó ẹ̀ ló ń gbé iwájú. Ẹlẹ́rìn-ín ni mo máa ń pe àbúrò mi nínú ọkàn mi láti kékeré. Bó bá fọ́ àwo, á rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá ká a mọ́ ibi tí kò yẹ, á rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló máa ń gbà á sílẹ̀, èmi ni wọ́n á wá nà.

Láàárọ̀ yìí mo rìn láti Òkè dé Ìsàlẹ̀, mo gba Oríta padà. Abúlé mẹ́ta, ọ̀nà kan ṣoṣo. Pàǹtí níbi gbogbo — inú kòtò ojú ọ̀nà, ẹ̀yìn ilé, ẹ̀bá odò. Àwọn tó ń sun tiwọn ń sun ọ̀rá àti ike pọ̀ mọ́ ewé gbígbẹ, èéfín dúdú á tún gba ojú fèrèsé wọlé bá wọn. Wọ́n á máa húkọ́, wọ́n á ní òtútù ni.

Iṣẹ́ tí mo mọ̀ rèé. Mi ò mọ òmíràn. Mo fẹ́ máa lọ láti ilé dé ilé, kí n máa gba pàǹtí lọ́wọ́ wọn lẹ́nu ọ̀nà, kí Ẹlẹ́rìn-ín máa fi ọkọ̀ akẹ́rù ẹ̀ kó o lọ sí ààtàn ìjọba nílùú. Wákàtí kan lọ, wákàtí kan bọ̀. Mo sọ fún un lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kò burú, ẹ ti wá sọ èmi àbúrò yín di awakọ̀ pàǹtí. Ṣùgbọ́n ó gbà.

Ọjọ́rú, 5 oṣù Kẹta

Ilé mẹ́tàdínlógún. Ẹsẹ̀ mi wú.

Aránṣọ tó wà ní Oríta bi mí bóyá ìdọ̀tí ni mo lọ kọ́ nílùú ńlá láti gbogbo ọdún yìí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sì gbàwé ẹ̀rí. Òun àti àwọn oníbàárà ẹ̀ rẹ́rìn-ín títí. Kò forúkọ sílẹ̀.

Alápatà ní pàǹtí òun, ajá ló ń bá òun jẹ ẹ́, ajá kì í sì í gbowó.

Mo dé ọ̀dọ̀ Tíṣà Àgbà. Ó ti fẹ̀yìn tì kúrò nílé ẹ̀kọ́, òun ni alága ìgbìmọ̀ abúlé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ṣì ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹfun wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ìbéèrè kan péré ló bi mí. Níbo lo fẹ́ máa dà á sí? Ó ní ọkùnrin kan wá lọ́dún tó kọjá, ó kó tiwọn fún ọ̀sẹ̀ méjì, inú odò ni wọ́n ti padà rí gbogbo ẹ̀. Mo ní ààtàn ìjọba ni, kò sí ibòmíràn. Ó ní kí ni òun máa fi dì mí mú. Mo ní kó fi orúkọ bàbá mi dì mí mú. Ó mọ bàbá mi dáadáa. Ó forúkọ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ gbà. Ìyá Onígi ni, arúgbó tó ń ta igi ìdáná ní ìparí Ìsàlẹ̀ pátápátá, tí ojú ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Ó ní pàǹtí òun ò ju eérú lọ, ṣùgbọ́n ó dáa kí ẹnì kan máa kanlẹ̀kùn òun lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù Kẹta

Ilẹ̀kùn mẹ́sàn-án. Ajá méjì. Ẹnì kankan ò gbà.

Àbámẹ́ta, 8 oṣù Kẹta

Ọjọ́ àkọ́kọ́. Ilé mọ́kànlá. Mo ti bárò jáde bí ilẹ̀ ṣe mọ́, mo wọ ìbọ̀wọ́ àti bàtà òjò tí mo fi ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn. Gbogbo ojú abúlé wà lára mi. Mo rìn bí ẹni tí kò mọ̀.

Nílé kẹrin, wọ́n fún mi ní eérú. Mi ò fọwọ́ kàn án wò. Iná ṣì wà nínú ẹ̀. Mo dé iwájú ìsọ̀ Alápatà kí n tó mọ̀ pé èmi ni mò ń rú èéfín. Àpò ti jóná, ó ti mú èyí tó wà lábẹ́ ẹ̀. Mo fi ọwọ́ bu omi gọ́tà pa á, èmi àgbàlagbà, lórí ìkúnlẹ̀. Alápatà ní ó ṣe tán, wọ́n ní iṣẹ́ yìí máa tan ìmọ́lẹ̀ sí abúlé. Àwọn oníbàárà ẹ̀ ń gbá itan.

Òfin tuntun: eérú gbọ́dọ̀ sùn mọ́jú kó tó wọ àpò mi.

Mo padà délé, mo fọ aṣọ, mo sá a. Nígbà tí mo jáde, mo bá ìyàwó àbúrò mi tó ń fi igi gbé aṣọ mi kúrò lórí okùn kó má baà kan tiwọn. Kò rí mi. Mo padà wọlé, mo dúró díẹ̀, mo wá húkọ́ kí n tó tún jáde.

Ìṣẹ́gun, 11 oṣù Kẹta

Wọ́n ti ń da pàǹtí tiwọn sínú àpò ẹlòmíràn. Ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ á ju tiẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó forúkọ sílẹ̀. Ọgbọ́n ò tán láyé.

Mo ra ọ̀dà funfun. Mo fún ilé kọ̀ọ̀kan ní àpò, mo kọ nọ́ńbà sí i gàdàgbà. Àpò rẹ ni o máa kún, àpò rẹ nìkan ni màá gbé. Tíṣà Àgbà ní òun lòun gbọ́dọ̀ jẹ́ nọ́ńbà kìíní. Mo fún un. Mo bẹ Ìyá Onígi pé kó má bínú, òun ló tọ́ sí. Ó ní kí n kọ ẹgbẹ̀rún sí tòun tó bá wù mí, ṣé òun máa rí i ni.

Ẹtì, 14 oṣù Kẹta

Ilé mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Aránṣọ ti forúkọ sílẹ̀. Kò wo ojú mi. Nọ́ńbà kẹrìnlá ni tiẹ̀.

Pàǹtí kì í purọ́. Mo mọ ilé tí wọ́n ti ń jẹun lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Mo mọ ilé tí ọkọ ò ti sùn lóṣù yìí. Tíṣà Àgbà tó ń bá gbogbo ayé wí nípa ọtí — ìgò mẹ́rin lọ́sẹ̀ yìí, ó fi ìwé ìròyìn wé ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ọmọ tuntun. Mi ò ní sọ. Agbálẹ̀ tó bá ń ròyìn ohun tó gbá, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 17 oṣù Kẹta

Ẹlẹ́rìn-ín kó ẹrù jáde lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Mi ò tíì fọ bárò tán tó fi dé. Mo ní ṣé o fò ni? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀nà dá, òun sì mọ àbùjá.

Mo ní lọ́jọ́ Àbámẹ́ta màá bá ọ lọ, kí n fojú mi rí ààtàn yẹn. Ó rẹ́rìn-ín. Ìyàwó ẹ̀ ló fèsì. Ó ní ẹ̀gbọ́n wa, ṣé ẹ fẹ́ máa ṣọ́ ọmọ ìyá yín ni? Ẹni tó ń bá yín ṣe é láì gba nǹkan kan ju owó epo?

Ojú tì mí. Nílé ìwòsàn, wọ́n máa ń yan ẹnì kan tì wá. Bí a bá jáde nínú yàrá, á wọlé lọ wò bóyá a jí nǹkan. Ọdún mọ́kàndínlógún. Mo mọ bó ṣe ń rí lára. Mi ò ní ṣe é fún ọmọ tí mo pọ̀n dàgbà. Mo ní kó má bínú, mo kàn sọ ọ́ ni.

Àbámẹ́ta, 22 oṣù Kẹta

Ilé mọ́kànlélọ́gọ́ta. Mo ní láti ti bárò lẹ́ẹ̀meje.

Ìyá ọlọ́mọ kan ní Òkè pè mí ní Ìyá Ìmọ́tótó. Kì í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó gbé ìjókòó jáde fún mi, ó ní kí n sinmi. Mo jókòó lójúde, ní gbangba, pẹ̀lú bàtà òjò mi, a sọ̀rọ̀ nípa ikọ́ ọmọ ẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí aládùúgbò àwọn ò ti sun ọ̀rá mọ́, ọmọ náà ń sùn.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, mo wo Òkè láti ẹ̀yìnkùlé wa. Èéfín ẹyọ kan ṣoṣo. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ó ju ogún lọ.

Inú mi dùn. Mo kọ ọ́ kí n má baà sọ lọ́jọ́ iwájú pé kò ṣẹlẹ̀ rí.

Ọjọ́rú, 26 oṣù Kẹta

Òjò látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Mi ò jáde.

Ọjọ́bọ̀, 27 oṣù Kẹta

Ewúrẹ́ Alápatà méjì kú. Ó la inú wọn, ọ̀rá ló kún un. Ó tọ ipasẹ̀ wọn lọ sí ibi tí wọ́n ti ń jẹ̀, ó wá tọ ipasẹ̀ tèmi wá sílé. Àpò kan wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ń kán omi. Nọ́ńbà kẹrìnlá.

Ó jù ú sẹ́sẹ̀ mi. Ó ní ṣé ìlú ni wọ́n ti gbé ilẹ̀ bàbá yín lọ báyìí ni?

Ẹlẹ́rìn-ín ò sí nílé. Ìyàwó ẹ̀ ní òun ò mọ ibi tó lọ. Ó ti ilẹ̀kùn.

Ẹtì, 28 oṣù Kẹta

Mo lọ wò ó.

Ilẹ̀ mi. Ẹ̀yìn Òkè, ibi tí ọ̀nà ti ń tẹ́ẹ́rẹ́. Bàbá kọ ọ́ sínú ìwé kó tó kú pé èmi ló ni ín. Yàrá méjì ni mo fẹ́ kọ́ síbẹ̀, kí n kúrò lẹ́yìnkùlé ẹlòmíràn. Láti ìgbà tí mo ti padà wálé, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo débẹ̀. Igbó ni, kí ni mo fẹ́ máa lọ wò?

Ipa táyà jìn wọnú igbó, ó ti le, kì í ṣe ti ẹ̀ẹ̀kan. Àpò lórí àpò. Òjò ti bẹ́ àwọn kan nínú, ìlédìí ọmọ, agolo, ìgò tí wọ́n fi ìwé ìròyìn wé. Òórùn náà — mo ti gbá yàrá òkú rí, mi ò bì. Lónìí mo bì. Mo kà á dé ọgọ́rùn-ún, mo jáwọ́. Ìkọ̀wé mi ló kún gbogbo ilẹ̀.

Kò gbé e dé ìlú rí. Kò gbé e dé ìlú lẹ́ẹ̀kan.

Àbámẹ́ta, 29 oṣù Kẹta

Mo bá a níbi tó ti ń pààrọ̀ táyà. Mo bi í. Ẹ̀rín. Ó ní ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ìdọ̀tí yín kọ́ ni? Ṣé ilẹ̀ yín kọ́ ni? Ta ni mo wá ṣẹ̀ níbẹ̀?

Mo ní mo fi orúkọ bàbá wa dúró. Ó ní bàbá náà ló fà á. Ó ní kí ni wọ́n ń fún obìnrin nílẹ̀ sí, tí yóò máa wò ó lásán fún ọdún mẹ́wàá, nígbà tí ẹni tó ń tọ́jú ilé ò ní ju ibi tó ń sùn lọ. Ẹ̀rín náà ò kúrò lójú ẹ̀ tó fi sọ ọ́ tán. Ọ̀rọ̀ yẹn ti wà nínú ẹ̀ láti ọjọ́ tí a ka ìwé bàbá. Èmi ni mi ò gbọ́.

Mo gbé ọwọ́ sókè. Mo gbé e sílẹ̀.

Ìgbà tó ṣe, ó wá bá mi lẹ́yìnkùlé. Ó ní Tíṣà Àgbà ti pe ìpàdé sí ọ̀la. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, kí n fi sílẹ̀ fún òun, òun máa sọ̀rọ̀. Ojú ẹ̀ rọ̀. Mo gbà á gbọ́. Mo kọ ọ́ síbí kí n lè máa rí i: mo tún gbà á gbọ́.

Àìkú, 30 oṣù Kẹta

Kíláàsì àwọn ọmọ kékeré ni wọ́n lò. Àga kúkúrú, gbogbo àgbààgbà ká orúnkún sáyà. Mo jókòó síwájú.

Tíṣà Àgbà bi mí pé ilẹ̀ ta ni. Mo ní tèmi ni. Ó ní ìkọ̀wé ta ló wà lára àpò. Mo ní tèmi ni. Ó yíjú sí àwọn èèyàn bíi pé ìṣirò ti parí lójú pátákó.

Ẹlẹ́rìn-ín dìde. Mo mí kanlẹ̀. Ó rìn síwájú, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì. Ó ní kí wọ́n bá òun foríji ẹ̀gbọ́n òun. Ó ní ìyà tó jẹ ẹ́ nílùú ńlá ò kéré. Ó ní ibi tó bá ní kóun kó o lọ lòun ń kó o lọ, òun ò lè bá ẹ̀gbọ́n òun jiyàn. Ó ń sunkún. Omi gidi. Àwọn obìnrin kan ti ń fi etí aṣọ nu ojú.

Mo dìde, mo ní irọ́ ni, òun ló dà á síbẹ̀, mi ò mọ̀. Ariwo sọ. Aránṣọ ní ẹ gbà mí, ẹni tó ń bá a bẹ̀bẹ̀ náà ló tún fẹ́ ti ẹ̀bi sí lọ́rùn. Alápatà ní ẹni tí kò mọ ohun tó ń lọ lórí ilẹ̀ ẹ̀, kí ló mọ̀? Mo wo Tíṣà Àgbà. Ìgò mẹ́rin lọ́sẹ̀, mo ti pa á mọ́ fún un. Ó ní kí n jókòó. Ó ní bàbá mi máa máa yí nínú sàréè.

Wọ́n nawọ́ sókè. Kí iṣẹ́ má baà dúró, kí àbúrò mi máa bá a lọ, ó níwà tútù, ó sì lọ́kọ̀. Kí n kó pàǹtí kúrò lórí ilẹ̀ mi kí òjò ńlá tó dé.

Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ, mo rò pé ọ̀rọ̀ àwọn arúgbó lásán ni.

Ọjọ́ Ajé, 31 oṣù Kẹta

Mi ò jẹun.

Ọjọ́rú, 2 oṣù Kẹrin

Ẹlẹ́rìn-ín rán ìyàwó ẹ̀ wá gba ìwé orúkọ àwọn ilé, àti ọ̀dà, àti bárò. Ó fi ìkanlẹ̀kùn méjì dé bí àlejò. Mo kó gbogbo ẹ̀ fún un. Ó ní ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n wa. Mo ní kò tọ́pẹ́.

Àbámẹ́ta, 5 oṣù Kẹrin

Ọjọ́ mẹ́ta rèé tí mo ti wà lórí ilẹ̀ mi. Mò ń ṣa á pẹ̀lú ọwọ́, mò ń dì í, mò ń tò ó sẹ́bàá ọ̀nà. Ẹnì kankan ò ní wá kó o. Láàárọ̀ yìí, ọkọ̀ Ẹlẹ́rìn-ín kọjá, ó kún. Ó tẹ fèrè kí mi.

Lọ́sàn-án mo gbọ́ ọ̀pá tó ń kan òkúta. Ìyá Onígi. Ó ti Ìsàlẹ̀ rìn wá, ó gbé omi kànga ẹ̀ wá fún mi nínú ìgò. Ó ní òkúta tí òun lè jókòó lé dà. Ó ní òun ò gbà pé èmi ni. Mo ní kí ló dé? Ó ní ẹni tó bá fẹ́ da nǹkan nù ní bòókẹ́lẹ́, ṣé á kọ nọ́ńbà sí i?

Mo gbé àpò tó wà lọ́wọ́ mi sílẹ̀. Gbogbo abúlé mẹ́ta, gbogbo ojú tó mọ́lẹ̀ kedere, ẹni tí kò ríran ló rí i. Mo ní kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ ní ìpàdé? Ó ní ẹsẹ̀ òun ò gbé òun débẹ̀, kò sì sẹ́ni tó wá bi òun.

Mo sunkún lórí ilẹ̀ yẹn. Ó ń nawọ́ káàkiri títí tó fi rí orí mi.

Ọjọ́rú, 9 oṣù Kẹrin

À ń gba òròmọdìẹ lọ́wọ́ ikú, ó ní wọn ò jẹ́ kóun lọ jẹ̀ láàtàn. Ní báyìí wọ́n ti ń wá mi.

Ẹlẹ́rìn-ín ò mọ ilé kan yàtọ̀ sí òmíràn. Ó fo ilé mẹ́jọ ní Òkè. Ó kó àpò kan lọ níwájú ìsọ̀ Aránṣọ, aṣọ àwọn oníbàárà tí wọ́n ti gé ló wà nínú ẹ̀. Títí di òní wọn ò rí i. Lójúde Tíṣà Àgbà, ó tú ìwé ìròyìn lára ìgò, ó gbé e sókè, ó rẹ́rìn-ín tí gbogbo àdúgbò fi jáde.

Tíṣà Àgbà fúnra ẹ̀ ló wá sẹ́yìnkùlé. Ó ní ìgbìmọ̀ ti jíròrò, wọ́n fẹ́ kí n padà sẹ́nu iṣẹ́, lábẹ́ àbúrò mi. Ó tẹnu mọ́ lábẹ́ yẹn.

Ọjọ́bọ̀, 10 oṣù Kẹrin

Mo rò ó títí. Ṣé kí n sọ pé rárá kí n sì máa wo ògiri? Yàrá yìí kéré. Ó ti lé lọ́jọ́ mẹ́wàá tí ẹnì kan ti pè mí ní Ìyá Ìmọ́tótó kẹ́yìn.

Mo ní mo gbà, lórí ohun kan: iwájú ọkọ̀ ni màá jókòó, láti ilé àkọ́kọ́ títí dé ààtàn. Ẹlẹ́rìn-ín ní ṣé nítorí ìyẹn náà ni? Ẹ wọlé, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó.

Àbámẹ́ta, 12 oṣù Kẹrin

A dé ààtàn ìjọba. Ó ní géètì. Ọkùnrin kan jókòó síbẹ̀, ó ń kọ nọ́ńbà gbogbo ọkọ̀ tó bá wọlé sínú ìwé ńlá. A dà á. Mo fojú mi rí i.

Ìyá ọlọ́mọ ti Òkè yẹn ní ẹ káàbọ̀. Àwọn mìíràn ṣílẹ̀kùn, wọ́n na àpò sí mi láì sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ṣílẹ̀kùn. Mo fẹ́ràn ẹ̀. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ẹ̀.

Àbámẹ́ta, 19 oṣù Kẹrin

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ilé mọ́kànléláàádọ́rin. Ọkọ̀ kún dẹ́nu. Kí a tó wọ Ìsàlẹ̀, ọ̀nà pín sí méjì, ọ̀tún ló lọ sílùú. Ẹlẹ́rìn-ín yà sósì. Mo ní níbo là ń lọ? Mo tún bi í. Ó ní epo ò tó dé ìlú, òní nìkan ni.

Ibi tí wọ́n ti ń wa yanrìn nígbà kan ni ọ̀nà yẹn lọ. Kòtò ńlá, omi aláwọ̀ ewé nísàlẹ̀ ẹ̀. Ìdagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ sí i, kànga Ìyá Onígi ló kàn.

Mo sọ fún un. Mo ní kànga arúgbó kan wà nísàlẹ̀ yìí. Mo ní ṣé o fẹ́ pa ìyá yẹn ni? Mo ní màá sọ. Ó pa ọkọ̀, ó kọjú sí mi. Kò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, yàtọ̀ sí ẹkún ọjọ́ ìpàdé, mi ò rí ojú ẹ̀ rí láìsí ẹ̀rín. Ó ní ẹ̀gbọ́n mi, ta ni ẹ fẹ́ sọ fún?

Mo jókòó síbẹ̀, mò ń wá ẹnì kan. Tíṣà Àgbà? Alápatà? Wọ́n á ní mo tún dé. Wọ́n á ní kí n sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, n óò padà sẹ́yìnkùlé, ẹnì kankan ò ní ṣílẹ̀kùn fún mi mọ́. Ìyẹn ni mo rò. Kì í ṣe kànga ni mo rò. Kí n má purọ́ fún ìwé.

Ó bọ́ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà wọ́n. Mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń já sómi, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àpò ńlá kan há sẹ́yìn ọkọ̀. Ó fà á, kò jáde. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, kò bẹ̀ mí, kò pè mí. Mo bọ́ sílẹ̀. Mo tì í. Ó já. Mo gbé èyí tó tẹ̀ lé e. Ọwọ́ mi ti mọ iṣẹ́ náà, kò bi mí léèrè. A ò pẹ́ ká tó parí. Ó ní ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi.

Mo ní kó já mi sílẹ̀ ní Ìsàlẹ̀, màá fẹsẹ̀ rìn délé. Mi ò fẹ́ kí ara mi kan ara ẹ̀.

Ìyá Onígi wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó mọ ìró ẹsẹ̀ mi. Ó ní òun ti ń retí mi látàárọ̀, wá jókòó. Ó ní lọ́jọ́ Ajé òun ránṣẹ́ pe Tíṣà Àgbà, òun bi í ní ìbéèrè nọ́ńbà yẹn. Ó ní kí wọ́n lọ wádìí. Ó ní lánàá òun àti Alápatà wọkọ̀ lọ sí ààtàn ìjọba, wọ́n ní kí ọkùnrin ẹnu géètì ṣí ìwé ẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ àbúrò mi ò débẹ̀ rí, àfi ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá. Ọjọ́ tí èmi wà nínú ẹ̀.

Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní ọ̀rọ̀ ti yé gbogbo wọn báyìí. Ìpàdé wà lọ́la. Tíṣà Àgbà fẹ́ dìde níwájú gbogbo èèyàn kó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi, kí wọ́n dá iṣẹ́ padà fún mi. Òun náà máa débẹ̀, Alápatà máa fi bárò ti òun lọ. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Ó ní kí n wọ aṣọ tó dáa.

Ó fa omi, ó bù ú fún mi. Mo mu ún. Mo ní màá wá.